Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Àgbà Onígẹdú àti Onípákó: Ẹ Jẹ́ Kí Ìdílé Wa Gbin Igi Tirẹ̀

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi nínú iṣẹ́ gẹdú àti pákó, láti Ọ̀rẹ̀ dé J4 nínú igbó Ọmọ̀, láti Òkìtìpupa dé Òkò Bàbá, títí dé ọ̀dọ̀ wa níbí ní Bódìjà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òógùn ojú. Ọmọ yín obìnrin tí ń ta pákó n'Ìbàdàn ni mí. Bàbá mi la pákó, bàbá bàbá mi gé gẹdú. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò gba kí n máa yí i po. Iṣẹ́ tí a jogún ń kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tó ń pa á ni pé ìran mẹ́ta ti gé igi, kò sì sí ìran tó gbìn ín nínú wa. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ igi gbígbìn wá sí ìpàdé gbogbogbòò wa tó ń bọ̀, kí ẹgbẹ́ wa sì fi ohùn kan béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ wa pé kí wọ́n fún ìdílé onígẹdú ní ibi tó ti ṣá nínú igbó ọba, ìyẹn igbó tó wà lábẹ́ àṣẹ ìjọba, pẹ̀lú ìwé àdéhùn ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè gbin igi tí ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò gé.

Àwọn kan nínú yín á ní kí ni ọmọdé yìí mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìtàn ìdílé mi ná. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa rí ti ìdílé tiyín nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun Hitler ni bàbá bàbá mi kúrò nílé pẹ̀lú àáké kan, ó lọ bá àwọn tó ń la pákó nínú igbó lápá Ọ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yín tó máa ka lẹ́tà yìí lórí fóònù kò rí i rí, torí náà mo fẹ́ sọ ọ́ bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi. Bí igi ńlá bá wó, kò sí agbára tí wọ́n fi lè gbé e kúrò níbẹ̀, ibi tó wó sí gan-an ni wọ́n ti ń là á. Wọ́n á gbẹ́ kòtò tó jìn ju ènìyàn lọ, wọ́n á to igi wẹ́wẹ́ dá ẹnu kòtò náà, wọ́n á wá fi ọ̀pá ti gẹdú náà títí yóò fi yí gun orí rẹ̀. Wọ́n á rẹ okùn sínú omi èédú, wọ́n á nà án láti ìdí igi dé orí, wọ́n á fà á sókè díẹ̀, wọ́n á sì jẹ́ kó gbá igi náà pàì. Ilà dúdú gbọọrọ á jáde. Ọ̀gá ló ń dúró lókè tó ń wo ilà. Ọmọṣẹ́ á wọ inú kòtò lọ, òun ló ń fa ayùn wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì ni gbogbo ìyẹ̀fun pákó ń dà sí. Ìrókò ló burú jù fún ẹni tó wà nísàlẹ̀, nítorí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa ń ta ènìyàn lójú àti nímú, ó sì máa ń mú ara yún. Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá bàbá mi fi wà nínú kòtò kí wọ́n tó ní kó gun òkè. Ikọ́ tó kó níbẹ̀ kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú.

Nígbà tó yá, ó gba ìwé àṣẹ tirẹ̀, ó di onígẹdú. Hámà tó fi ń ṣe iṣẹ́ ṣì wà nílé wa. Irin wúwo ni. Ojú rẹ̀ kan tẹ́jú, wọ́n gbẹ́ lẹ́tà méjì sí ojú kejì ní òdìkejì, kí ó lè hàn bó ṣe yẹ lára igi. Gbogbo onígẹdú ló ní irú rẹ̀, àmì ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ jọ ti ẹnì kejì, torí pé ìwé fọ́rẹ́sítì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Bí igi bá ti wó, wọ́n á fi hámà náà gbá ojú gẹdú, wọ́n á gbá kùkùté rẹ̀ pẹ̀lú. Fọ́rẹ́sítà á wá wọn igi náà, á gba owó ìjọba, á sì fi hámà ìjọba gbá tirẹ̀ lé e. Igi tí kò bá ní àmì méjèèjì, igi olè ni wọ́n ń pè é. Bàbá mi sọ pé bàbá òun kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbá hámà náà, àní nígbà tí apá rẹ̀ ò gbé e dáadáa mọ́. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé àmì ìdílé wa wà lára àìmọye kùkùté nínú igbó ọba Olúwa, kò sì sí igi kan ṣoṣo tó dúró lórí ìdúró tí a lè nawọ́ sí pé ti wa ni.

Ojú omi ni gẹdú ń gbà dé Èkó láyé ìgbà náà. Ẹ̀yin ará Ìlàjẹ lẹ ni iṣẹ́ yẹn, ó sì yẹ kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má parun. Arère máa ń léfòó, apá àti àwọn igi mìíràn tó wúwo máa ń rì. Torí náà wọ́n á so arère mọ́ igi tó wúwo kí èyí tó fúyẹ́ lè gbé èyí tó wúwo dúró. Wọ́n á so ọ̀pọ̀ igi pọ̀ títí yóò fi gùn lọ gbọọrọ lórí omi. Àwọn tó ń tọ́ ọ á pa àtíbàbà sórí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná. Wọ́n á fi ọ̀pá àti ìgbòkun tọ́ ọ gba inú odò jáde sí ọ̀sà, wọ́n á gba Ẹ̀pẹ́ kọjá, títí dé Ẹbúté Mẹ́ta. Bí ìjì bá jà, okùn lè já, igi lè fọ́n ká. Níbẹ̀ ni àmì hámà ti ń wúlò, nítorí ẹni tó bá rí igi tó ṣáko lọ á mọ olówó rẹ̀.

Bàbá mi kò fẹ́ràn igbó. Èkó ló fẹ́. Nígbà owó Udoji, nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń kọ́lé, bàbá rẹ̀ fún un lówó, ó fi ra máṣíìnì ìlapákó ní Òkò Bàbá. Àkókò náà dára fún onípákó. Ní 1976 ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó gẹdú tútù lọ sí òkèèrè, igi tí ì bá lọ sí London àti Hamburg wá kù sílé fún wa. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé lọ́tùn-ún ni wọ́n ń kọ́ ti òsì: pákó tí wọ́n fi ń da kọnkéré, pákó òrùlé, pákó ilẹ̀kùn. Bàbá mi ra agbégilódò. Bẹ́dífọ́ọ̀dù àlòkù ni, bíréèkì rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé, àmọ́ kò sí òkè tí kò lè gun. Ọmọkùnrin kan á rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú igi ìdènà lọ́wọ́. Bí mọ́tò bá ti fẹ́ yí padà sẹ́yìn lórí òkè, á fò sílẹ̀, á sáré ti igi náà bọ ẹ̀yìn táyà. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ́mọdé, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yín ṣì pé, ẹ máa dúpẹ́.

Mo bi bàbá mi léèrè nígbà kan bóyá òun àti bàbá rẹ̀ tiẹ̀ gbin igi rí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Igbó ọba ni. Ta ló máa gé igbó ọba tán?” Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo onígẹdú ayé rẹ̀ ṣe rò. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí igbó náà pọ̀ lóòótọ́. Igbó Ọmọ̀ nìkan tí ìjọba amúnisìn ti fi ṣe igbó ọba láti 1925 lé ní 130,000 hẹ́kítà, erin sì wà nínú rẹ̀ títí dòní. Láti 1977 ni UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé fẹ́ kó wà títí. Ẹ wo bó ṣe rí báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ inú rẹ̀ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: oko kòkó, abúlé tuntun, àti igi tí ìdí wọn kò tóbi tó ohun tí àwọn bàbá wa ń fi sílẹ̀ nílẹ̀ pé kò tó gé.

Bàbá mi kú, ó fi aya mẹ́ta àti ọmọ púpọ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n ní ìdí-igi ni a máa fi pín in, ìdí kan fún ìyá kọ̀ọ̀kan. Àṣà wa ni, kò sì sí ẹni tó lè bá a jà. Ní 1962 ìgbìmọ̀ àwọn adájọ́ ọba ìlú Òyìnbó fúnra wọn fọwọ́ sí i nínú ẹjọ́ ìdílé Dawodu ti Èkó. Ìdí kan gba máṣíìnì, ìdí kan gba mọ́tò àti owó tó wà ní báńkì, ìdí tiwa gba ṣọ́ọ̀bù Bódìjà. A kò bá ara wa jà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba máṣíìnì kò ní mọ́tò tí yóò fi kó igi wá, ẹni tó gba mọ́tò kò ní ohun tí yóò máa kó, èmi tí mo gba ṣọ́ọ̀bù sì wá ń ra pákó lọ́wọ́ àjèjì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ta máṣíìnì náà. Mọ́tò ti di irin. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi kàwé, wọ́n sì mọ iṣẹ́ náà, síbẹ̀ wọ́n tà á, torí pé irin ni a jogún. Irin máa ń gbó. Ọdọọdún ni iye rẹ̀ ń dín kù, igi tó wà lórí ìdúró sì ń lé sí i lọ́dọọdún bí ènìyàn bá tilẹ̀ ń sùn.

Ní Bódìjà lónìí, ohun tí a ń tà ni àràbà, ayùnrẹ́, igi máńgòrò, igi kajú. Káfíńtà àgbà kan, oníbàárà mi láti ayé bàbá mi, wá ra pákó lọ́jọ́ kan. Ó mú ọ̀kan, ó fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra dá a padà sí ipò rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, mo ń wá ọ̀gànwó fún ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.” Mo ní kò sí. Ó ní ìrókò ńkọ́? Mo dá iye rẹ̀ fún un. Ó mi orí, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ pé ilẹ̀kùn onírin ni wọ́n fi sí ṣọ́ọ̀ṣì náà. Bí iṣẹ́ wa ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. Òrùlé ń di ti irin, àga àti tábìlì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun pákó lẹ̀ pọ̀ ń ti òkèèrè wọlé, àwọn tó sì fẹ́ igi gidi kò rí i rà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìdílé kan tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ọmọ Jámánì ni Frederick Weyerhaeuser, 1834 ni wọ́n bí i. Ọmọ kékeré ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó dé Amẹ́ríkà ní 1852, ó sì bá wọn ṣe iṣẹ́ ní ilé ìlapákó kan ní Rock Island, ní etí odò Mississippi. Ọrọ̀ ajé dojú dé ní 1857, àwọn ọ̀gá rẹ̀ wọ gbèsè. Ní 1860 òun àti àna rẹ̀, Frederick Denkmann, kó owó jọ, wọ́n ra ilé ìlapákó náà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀: lókè lọ́hùn-ún ní Wisconsin ni wọ́n ti ń gé igi, wọ́n á fi hámà gbá àmì onígi sí ojú rẹ̀, wọ́n á tì í sínú odò. Nísàlẹ̀ odò, àwọn òṣìṣẹ́ á máa wo àmì, wọ́n á ṣa igi oníkálùkù sọ́tọ̀, wọ́n á so wọ́n pọ̀, wọ́n á sì tọ́ wọn lọ sí ilé ìlapákó. Ohun tí Ìlàjẹ ṣe lórí ọ̀sà gan-an nìyẹn.

Àwọn náà gé igi kọjá àlà. Nígbà tí igi Wisconsin àti Minnesota ń lọ sópin, wọ́n fi kùkùté sílẹ̀ bí àwa náà ṣe fi í sílẹ̀, wọ́n sì wá ibòmíràn lọ. Ní oṣù kìíní 1900, Weyerhaeuser àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ ra 900,000 éékà igbó ní ìpínlẹ̀ Washington lọ́wọ́ iléeṣẹ́ rélùwéè, dọ́là 6 fún éékà kan. Ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni ilẹ̀ yẹn ṣáájú kí ìjọba tó gbé e fún rélùwéè, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọ́ ìyẹn lára wọn. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Bàbá náà kú ní 1914. Ilẹ̀ náà kò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ, nítorí orúkọ kọ́ńpìnnì ló wà. Ìpín nínú èrè ni àwọn ọmọ jogún, igbó wà lójú kan. Ní 1941 kọ́ńpìnnì náà ya ilẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Clemons sọ́tọ̀ ní ìpínlẹ̀ Washington, ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́ iná, wọ́n ń jẹ́ kí igi hù padà sí i bí ẹni ń dáko. Òun ni wọ́n ń pè ní oko igi àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

George, tó jẹ́ ọmọ-ọmọ-ọmọ bàbá náà, di olórí kọ́ńpìnnì ní 1966. Òun ni àwọn ajínigbé gbé ní 1935 nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 8, tí wọ́n san 200,000 dọ́là kí wọ́n tó rí i gbà padà láàyè. Nígbà tó dórí oyè, ó sọ igi gbígbìn di ètò iṣẹ́: ibi tí wọ́n bá gé, wọ́n gbọ́dọ̀ gbìn ín padà. Nígbà tí òkè St. Helens bú gbàmù ní 1980, ó run nǹkan bí 68,000 éékà nínú igbó wọn. Wọ́n kó òkú igi tí wọ́n lè kó, wọ́n sì gbin igi tuntun tó lé ní mílíọ̀nù 18. Lẹ́yìn tí George kúrò lórí oyè ní 1991, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìdílé náà ló ń darí rẹ̀, síbẹ̀ kọ́ńpìnnì náà ṣì wà, ó sì lé ní mílíọ̀nù 10 éékà igbó tó ní ní Amẹ́ríkà. Bàbá bàbá mi náà fi òógùn ojú ṣiṣẹ́ bí ti Frederick Weyerhaeuser. Ó mọ igi, ó mọ omi, ó ní hámà. Ilẹ̀ tí igi lè dúró lé lórúkọ rẹ̀ ni kò ní.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Àkọ́kọ́, pé ìrókò kì í gbọ́ gbígbìn. Òótọ́ ni pé ó ṣòro. Kòkòrò kékeré kan máa ń ba ewé rẹ̀ jẹ́ nígbà tó bá ṣì kéré, ewé á wú kókó kókó, ọ̀mùnú rẹ̀ á kú. Ọ̀gànwó náà ní kòkòrò tirẹ̀ tó ń wọ inú ọ̀mùnú rẹ̀, tí igi náà á fi pẹ̀ka nísàlẹ̀, tí kò ní gùn gbọọrọ mọ́. Àwọn onímọ̀ igbó ní iléeṣẹ́ ìwádìí tó wà níbí n'Ìbàdàn ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí fà á tipẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti gbin irú igi kan ṣoṣo sí oko gbalasa ni kòkòrò wọ̀nyí ti ń jẹ gàba jù. Bí ènìyàn bá gbin ìrókò àti ọ̀gànwó níwọ̀nba láàárín àwọn igi mìíràn, lábẹ́ ìbòòji, púpọ̀ nínú wọn á là á já. Afàrà, ìdígbò àti òpèpè sì wà, igi ilẹ̀ wa ni wọ́n, wọ́n ń dìde gbọn-ín, a sì ti gbìn wọ́n rí. Òpèpè tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gbìn láyé àtijọ́ wà nínú igbó Ọmọ̀. Tíìkì tí wọ́n mú wá láti Éṣíà láyé àwọn òyìnbó ti di igi wa.

Èkejì, ẹ máa ní ìjọba gbin mẹláínà, igi tó ń yára dàgbà, rí, kò sì yọrí sí nǹkan kan. Ẹ dákun, ẹ tún un rò. Nítorí iléeṣẹ́ bébà tó wà ní Ìwọ̀pin ni wọ́n ṣe gbin mẹláínà lọ rẹpẹtẹ nínú igbó Ọmọ̀ àti Olúwa. Iléeṣẹ́ náà kò gbéra sọ bó ṣe yẹ. Mẹláínà ńkọ́? Ó ń dàgbà ní tirẹ̀. Ta ló wá gé e? Àwa ni! Púpọ̀ nínú igi tó ń kọjá lábẹ́ máṣíìnì ní Ọ̀rẹ̀ àti J4 láti ọdún wọ̀nyí wá, mẹláínà tí ẹlòmíràn gbìn fún ohun mìíràn ni. Bí kì í bá ṣe pé ẹnì kan gbìn ín, iṣẹ́ wa ì bá ti kú ṣáájú kí n tó gba ṣọ́ọ̀bù. Bí a bá gbin mẹláínà lónìí, láàárín ọdún 15 sí 20 ó ti tó là. Ọmọ tí a bí lọ́dún tí a gbìn ín lè fi san owó yunifásítì.

Ẹ̀kẹta ni ti oúnjẹ: kí ni a máa jẹ kí igi tó dàgbà? Àwọn àgbẹ̀ tó bá ìjọba gbin igi nínú igbó ọba nígbà náà kò fi ebi ṣe é. Ìjọba fún wọn láyè láti gbin àgbàdo, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sáàárín igi kéékèèké, wọ́n ń jẹ oko wọn, wọ́n sì ń tọ́jú igi. Bí igi bá wá ń bo ilẹ̀ lọ́dún kẹta tàbí ìkẹrin, wọ́n á ṣí lọ sí ibòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, a máa ń dín igi tó bá súnmọ́ra jù kù, ọ̀pá tí a bá gé sì ní ọjà. Ọ̀pá tíìkì ni ọ̀pọ̀ òpó iná mànàmáná tó wà ní àdúgbò wa.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló kù, òun ló sì le jù. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí: ìwé àṣẹ tí a ń gbà, igi ni a fi ń gbà á, ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Bí o bá gé tìrẹ tán, ẹlòmíràn lè gba ìwé wọ ibẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e. Ta ló máa gbin igi sí ilẹ̀ tí kò mọ ẹni tí yóò ni ín lọ́la? Ọ̀pọ̀ owó ni a ti san lórí igi láti ọdún yìí wá, nínú rẹ̀ sì ni owó tó yẹ kí wọ́n fi gbin òmíràn wà. A lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ibi tí wọ́n gbìn ín sí. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ àṣẹ gómìnà, gómìnà sì lè fi ìwé fún ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá ń fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá nílẹ̀ fún ọ̀pẹ àti rọ́bà, kí ló dé tí ìdílé tó ti ń sanwó orí igi láti ìran mẹ́ta kò lè rí gbà?

Bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń gbé. Èyí tó wà lókè ni pé kí ẹgbẹ́ wa fẹnu kò. Kí a yan àwọn tó gbọ́n nínú yín, àgbà àti ọ̀dọ́, ọkùnrin àti obìnrin, kí wọ́n lọ rí àwọn kọmíṣọ́nnà ní Oǹdó, Ògùn àti Ọ̀ṣun. Ohun tí wọ́n máa béèrè kò pọ̀: ilẹ̀ tó ti ṣá nínú igbó ọba, tí kò sí igi ńlá lórí rẹ̀ mọ́, fún ọdún 50 ó kéré tán. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí kò bá gbin igi láàárín ọdún mélòó kan, ìjọba á gba ilẹ̀ náà padà. Èmi fúnra mi fọwọ́ sí ìyẹn, torí àwọn kan á gba ilẹ̀ wọn á sì fi dá oko kòkó. Kí ibi tí erin àti igbó dúdú ṣì wà ní Ọmọ̀ má sì sí lára ohun tí a ń béèrè rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba gbọ́ tòun kò gbọdọ̀ nawọ́ sí ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, kí ilẹ̀ àti igi wà lórúkọ kọ́ńpìnnì náà. Bí bàbá tàbí ìyá bá kú, kí a pín èrè ní ìdí-igi tàbí ní orí-ò-jorí, ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹbí bá ṣe fẹ́. Igi ni kí a má pín. Àwọn lọ́yà wà nínú àwọn ọmọ wa tó lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ìdílé mi bá ti ní irú rẹ̀ ni, máṣíìnì bàbá mi lè gbó kó sì bàjẹ́, iṣẹ́ náà kò ní bàjẹ́.

Mo mọ̀ pé ọkàn púpọ̀ nínú yín ní Èkó wà lórí ọ̀rọ̀ kíkó kúrò ní Òkò Bàbá lọ sí Agbọ́wá. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Ibẹ̀ ni wọ́n bí àwọn mìíràn sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí bíríìjì Third Mainland ní 1990 ni àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń wo èéfín wa tí wọ́n ń ráhùn, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa, torí ìyẹ̀fun pákó tí a ń sun níbẹ̀ kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo wo gbogbo àríyànjiyàn náà, ibi tí a máa to máṣíìnì sí ni gbogbo rẹ̀ dá lé. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí igi tí máṣíìnì náà máa là ní ọdún 20 sí i yóò ti wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ ní ìpàdé náà. Màá kó ìwé iye igi tí ìdílé wa gé wá, èyí tí bàbá bàbá mi kọ fúnra rẹ̀ àti èyí tí bàbá mi kọ. Àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ti gbà láti kọ ìwé kọ́ńpìnnì fún ìdílé mẹ́ta àkọ́kọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kò ní gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìdílé tiwa ti jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìkejì àti ìkẹta, ẹ ránṣẹ́ sí mi ní Bódìjà kó tó di ọjọ́ ìpàdé.

Èmi ni ọmọ yín,
Onípákó, ọjà Bódìjà, Ìbàdàn